Ọjọ́ Tí Senzeni Fọ Díìsìkì Khulu Hadebe

Bí Senzeni Tshuma bá ti ilẹ̀kùn, á fà á wò. Bó bá rìn dé ẹ̀bá títì, á padà wá fà á wò lẹ́ẹ̀kejì. Ọdún mẹ́sàn-án la ti jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù kan náà ní Bulawayo, èmi tí mò ń tún rédíò àti sípíkà ṣe níwájú, òun tó ń tún kọ̀ǹpútà àtijọ́ ṣe lẹ́yìn, mi ò sì rántí ìrọ̀lẹ́ kan tí a jọ jáde tí inú ò bí mi. Màá dúró sínú oòrùn, màá máa wo aago ọwọ́ mi.

"MaTshuma, ilẹ̀kùn yẹn ò lẹ́sẹ̀. Kò lè sá."

"Bhudi Mthunzi, ẹ má bínú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù."

MaTshuma, obìnrin ìdílé Tshuma, ni mo máa ń pè é; Bhudi, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, lòun máa ń pè mí. Kì í ṣe ilẹ̀kùn nìkan. Bó bá bá èèyàn sọ̀rọ̀ tán lórí fóònù, á tún pe onítọ̀hún padà láti béèrè bóyá ohun tóun sọ ò dùn ún. Ẹ̀rù máa ń bà á pé ilé máa jó, pé olè máa wọlé, pé òun ti ṣẹ ẹnì kan tí òun ò mọ̀. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ gan-an, "Kí la ṣe?" ni ìtumọ̀ rẹ̀, mo sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ló ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.

Ó kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà nílùú wa. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ta irúgbìn gbà á síṣẹ́, ó wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n ra kọ̀ǹpútà tuntun, tí wọ́n ní àwọn ò nílò ẹni tó mọ ti àtijọ́ mọ́. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó mọ̀ ni DOS, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń jí láyé ìgbà tí ojú rẹ̀ ṣì dúdú, tí kò sí àwòrán kankan níbẹ̀, tó jẹ́ pé èèyàn á tẹ ohun tó fẹ́ ní lẹ́tà funfun, ẹ̀rọ á sì ṣe é. Àwọn tó kọ́kọ́ ń ta irú ètò bẹ́ẹ̀ ti pa á tì tipẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ńláńlá ló ṣì wà tí kò gbọ́ èdè mìíràn: ẹ̀rọ ìlọ̀gbàdo, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, èyí tí wọ́n fi ń ya àwòrán eegun lọ́sibítù. Nítorí náà, àwọn èèyàn kan káàkiri ayé fi ara wọn sílẹ̀, wọ́n kọ òmíràn tó ń ṣe bíi tàkọ́kọ́, lọ́fẹ̀ẹ́. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ wà ní gbangba. Ẹni tó bá wù lè tú u wò, kó tún un ṣe, kó sì fi ránṣẹ́ sáwọn yòókù. Wọn ò rí ara wọn sójú rí. Lẹ́tà ni wọ́n ń kọ síra wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Senzeni wà lára wọn. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ní apá tó ń tọ́jú, tirẹ̀ sì ni ètò kékeré tó ń fọ díìsìkì. Bó o bá fẹ́ gbé DOS sórí díìsìkì, o ní láti kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ mọ́, kó dà bíi pé kò sí ohunkóhun níbẹ̀ rí. Ẹ wá wò ó o: nínú gbogbo iṣẹ́ tó wà nínú DOS, èyí tó lè ba iṣẹ́ ẹlòmíràn jẹ́ jù lọ ni wọ́n gbé lé ẹni tẹ́rù ń bà jù lọ lọ́wọ́.

Ó sì fi ẹ̀rù rẹ̀ sínú ètò náà. Kó tó fọ díìsìkì, ó máa ń bi èèyàn lẹ́ẹ̀mẹta pé, "Ṣé ó dá ọ lójú?" Bó o bá dáhùn tán, á kọ́kọ́ da atọ́ka díìsìkì náà kọ, ìyẹn ojú ìwé tó ń sọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà, á sì lọ fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ sí ìparí díìsìkì lọ́hùn-ún, nítorí ẹni tó bá máa fi igbe bọnu lọ́la. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀gbẹ́ni kan lára wọn, ará Brazil, kọ̀wé pé ètò yìí ń fi àkókò àwọn èèyàn ṣòfò, pé ó ń ṣe bí ìyá àgbà. Ó ní kí wọ́n yọ ìbéèrè kúrò, kí wọ́n yọ ẹ̀dà náà kúrò. Oṣù mẹ́ta ni Senzeni fi bá a fà á. Kì í jẹun ọ̀sán. Á tẹ lẹ́tà tán, á pa á rẹ́, á tún un tẹ̀.

"Ta ló ń sanwó ìjà yìí fún ẹ?" ni mo bi í.

"Kò sẹ́ni tó ń san nǹkan kan, Bhudi."

"Ó dáa. Tó o bá rí ìjà tó ń mówó wọlé, kó o pè mí."

Nígbẹ̀yìn, wọ́n pín in sí méjì: ẹ̀dà máa wà, ìbéèrè máa di ẹyọ kan. Senzeni gbà. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ó ń sọ pé bí ẹnì kan bá pàdánù iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nítorí ìbéèrè méjì tóun yọ, kí lòun máa sọ fún un.

Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn ni Khulu Hadebe ránṣẹ́ sí i.

Khulu, bí a ti ń pe bàbá àgbà, ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Belmont, àdúgbò àwọn ilé iṣẹ́ nílùú wa, ẹ̀rọ agérin kan ṣoṣo ló sì kún inú rẹ̀. Ohun tó ń gé níbẹ̀ ni ẹ̀yà inú pọ́ǹpù kànga dẹ̀rọ. Àwọn tó ṣe àwọn pọ́ǹpù yẹn ti kógbá sílé kí wọ́n tó bí àwọn tó ń mu omi wọn báyìí, nítorí náà bí ọ̀kan bá dákẹ́ ní Lupane tàbí ní Tsholotsho, ọ̀dọ̀ Khulu ni wọ́n ń gbé e wá. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn gbogbo wọn. Ó ti kọ ìwọ̀n wọn sínú kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ náà, fáìlì kan fún kànga kan, fáìlì igba ó lé mẹ́rìnlá, iṣẹ́ ọdún mẹ́tàlélógún. DOS kì í gba orúkọ tó ju lẹ́tà mẹ́jọ lọ, Khulu sì gé orúkọ abúlé kúrú: TSHOLO1, LUPANE4, PLUMTRE2. Orí díìsìkì kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀ wà. Senzeni béèrè ìdí tí kò fi ní ẹ̀dà.

"Kò bàjẹ́ rí, ọmọ mi," ni Khulu wí.

Ó ti wá ń bàjẹ́ báyìí. Bí wọ́n bá tan kọ̀ǹpútà náà, díìsìkì á máa dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ bí ẹni tó ń họ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ojú Khulu náà sì ti lọ. Ó ń rí ìmọ́lẹ̀, ó ń mọ ẹni tó dúró níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ìlà orí òṣùwọ̀n mọ́. Àwọn ẹ̀yà irin tó fi ṣe àpẹẹrẹ nígbà náà, ó ti tà wọ́n fún àwọn onírin àlòkù lọ́dún tí ìyàn mú. Bí díìsìkì yẹn bá kú, gbogbo ìwọ̀n yẹn kú nìyẹn. Senzeni mọ èyí. Ó sọ ọ́ fún mi nígbà mẹ́fà lọ́jọ́ kan.

Ohun tí a fẹ́ ṣe ò le. A máa fi káàdì tuntun, díìsìkì kékeré tí kò ní ohun tó ń yí nínú rẹ̀, sínú kọ̀ǹpútà ní ipò kìíní, a máa gbé DOS ọ̀fẹ́ sórí rẹ̀, a máa wá da fáìlì Khulu kọ sórí rẹ̀ láti orí díìsìkì àtijọ́. Senzeni kọ́kọ́ fẹ́ gbé díìsìkì náà wá sí ṣọ́ọ̀bù wa kó dà á kọ níbẹ̀, ẹ̀rù tún bà á pé ó lè kú lójú ọ̀nà. Iná Belmont ń dé ní agogo mẹ́wàá, ó ń lọ ní agogo kan. Mo tẹ̀ lé e nítorí pé ẹrù rẹ̀ wúwo. Ó ní ká gbé àpótí bátìrì kan dání, èyí tí kọ̀ǹpútà fi ń gba iná kí wọ́n má bàa mú iná lọ mọ́ ọn lójijì. Orí mi ni mo fi rù ú.

"Ìṣẹ́jú mélòó ni nǹkan yìí lè fi dúró?"

"Méjìlá, Bhudi."

"Ìṣẹ́jú méjìlá ni mò ń pa ara mi fún."

Nígbà tó máa fi tú kọ̀ǹpútà náà, tó máa nu eruku rẹ̀, tó máa wo okùn kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, agogo méjìlá ààbọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. Khulu jókòó lórí àga rẹ̀, ọ̀pá láàárín orúnkún rẹ̀, ó ń tẹ́tí. Ebi ń pa mí. Obìnrin kan wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń ta isitshwala, òkèlè àgbàdo wa, pẹ̀lú amacimbi, kòkòrò tí wọ́n dín, kì í sì í ṣẹ́ kù lẹ́yìn agogo méjìlá ààbọ̀. Mò ń gbóòórùn rẹ̀ láti ibi tí mo dúró sí.

Senzeni ti fi sídiì tó gbé DOS ọ̀fẹ́ sí jí kọ̀ǹpútà náà. Ó gbé ọwọ́ lé bọ́tìnnì, ó gbé e kúrò.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo orúkọ díìsìkì méjèèjì."

"Kí lo fẹ́ wò?" ni mo ní. "Tuntun lo fi síwájú, àtijọ́ lo fi sẹ́yìn. Ojú mi báyìí lo ṣe é."

"Mo mọ̀. Ẹ kàn jẹ́ kí n—"

"MaTshuma. Khulu ń dúró. Iná fẹ́ lọ. Ìwọ lo kọ ètò yìí, àbí ẹlòmíràn ni? Fọ C, ká kúrò níbí."

Ó wò mí. Ó wo Khulu. Ó wo aago ara ògiri. Ó tẹ̀ ẹ́ pé kí ètò náà fọ C, lẹ́tà tí a rò pé DOS fi ń pe káàdì tuntun. Ìbéèrè jáde, ẹyọ kan tó kù: "Ṣé ó dá ọ lójú?" Ó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò tó ìṣẹ́jú kan, ó ti parí. Ó ní kí DOS lọ jókòó sórí C, ìyẹn náà parí. Mo ti ń wá fìlà mi.

Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Senzeni ti tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń gbọ́ nǹkan.

"Bhudi," ó ní. "Káàdì kì í dún."

Mi ò mọ ohun tó ń sọ. Mo tẹ́tí. Kẹ́-kẹ́-kẹ́. Díìsìkì àtijọ́ ló ń dún, òun ló sì ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà yẹn.

Ó pẹ́ kó tó yé mi. Lẹ́tà ni DOS fi ń pe díìsìkì, èyí tó bá sì kọ́kọ́ bá ló ń pè ní C. Ṣùgbọ́n díìsìkì tí wọn ò tíì la ilẹ̀ inú rẹ̀, ìyẹn tí wọn ò tíì ṣètò àyè tí fáìlì máa wà, DOS kì í sọ ọ́ lórúkọ, bí a kì í ti í sọ ọmọ inú oyún lórúkọ. Káàdì tuntun sábà máa ń dé pẹ̀lú ilẹ̀ tí wọ́n ti là sílẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Tiwa òfìfo pátápátá ni. DOS fò ó kọjá, ó bá ti Khulu lẹ́yìn, ó pè é ní C. Ẹni tí kò mọ DOS ò lè ṣe àṣìṣe yẹn, torí kò ní mọ ohun tó máa tẹ̀ rárá. Ẹni tó mọ̀ ọ́n dénú ló lè ṣe é, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń kán an lójú. Ká ní mo ti jẹ́ kó wo orúkọ wọn ni, kò ní gbà ju kí èèyàn mí lẹ́ẹ̀kan lọ.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ dákẹ́?" ni Khulu béèrè.

Mo fẹ́ parọ́. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ. Senzeni rìn lọ síwájú àga bàbá náà, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì tó kún fún èérún irin.

"Khulu, mo ti fọ díìsìkì tí kò yẹ kí n fọ̀."

"Èwo nìyẹn?"

"Tiyín."

Ọwọ́ bàbá náà ò kúrò lórí ọ̀pá. Ó kọjú sí ibi tí ohùn náà ti wá, ó ń ṣẹ́jú. Mo ti rí i tó ń pariwo mọ́ àwọn awakọ̀ ẹrù, mo ń retí rẹ̀. Kò pariwo. Ó ní, "Gbogbo ẹ̀?" Senzeni ní gbogbo ẹ̀. Bàbá náà wá sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bíi pé ara rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀, pé, "Ojú mi ò lè wọ̀n wọ́n mọ́." Ìtìjú bò mí. Ó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Mi ò sọ ọ́.

"Khulu, ẹ̀dà atọ́ka kan wà," ni Senzeni wí. "Ètò náà máa ń fi pamọ́ sí ìparí díìsìkì kó tó fọ̀ ọ́. Bí mo bá rí i, mo lè dá orúkọ wọn padà. Ara fáìlì fúnra rẹ̀ ò tíì lọ, ọ̀nà débẹ̀ ni mo pa rẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè ṣiṣẹ́ lórí díìsìkì tó ń kú. Mo ní láti kọ́kọ́ dà á kọ sórí káàdì látòkèdélẹ̀, bó ṣe wà gẹ́lẹ́."

"Báwo ló ṣe máa pẹ́ tó?"

"Wákàtí kan àti díẹ̀."

A jọ wo aago. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí agogo kan lù.

"Ká pa á, ká padà wá lọ́la," ni mo ní.

"Tí a bá pa á, ó lè má jí mọ́."

Ẹsẹ̀ mi ti gbéra kí n tó mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Mo yọ bátìrì ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé Khulu wá síṣẹ́, èyí tó wà níta.

"Ta ló ń ṣí ọkọ̀ mi?" Bàbá náà gbọ́ ọ láti inú ilé.

"Èmi ni, Khulu. Bátìrì lásán ni."

"Bátìrì lásán. Ṣé ẹsẹ̀ ni mo máa fi délé?"

"Màá gbé yín pọ̀n."

"Ìwọ tí o ò lè gbé àpótí kékeré láìráhùn."

Mo tú ẹ̀yìn àpótí bátìrì Senzeni, mo so ti ọkọ̀ mọ́ ọn, pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú. Iṣẹ́ tèmi nìyẹn, mo máa ń fi irú rẹ̀ gbé sípíkà ní ìsìn ìta gbangba. Senzeni ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà á kọ. Nọ́ḿbà kan ń gorí òmíràn lójú kọ̀ǹpútà: méjì nínú ọgọ́rùn-ún, mẹ́ta, mẹ́rin.

Wọ́n mú iná lọ kí agogo kan tó lù. Fáànù dúró. Gbogbo Belmont dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, àpótí wa bẹ̀rẹ̀ sí í ké pìì, pìì. Ojú kọ̀ǹpútà ò kú. Mo jókòó ti àpótí náà, mo gbé ọwọ́ lé e láti mọ̀ bóyá ó ń gbóná.

A ò lè ṣe nǹkan kan ju pé ká jókòó lọ. Ní ọgbọ̀n, díìsìkì náà dákẹ́. Senzeni di etí àga mú. Ó tún dún. Ní méjìdínlọ́gọ́ta, ó dákẹ́ pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, mo gbọ́ tí Khulu ń ka nǹkan sínú, bóyá àdúrà ni, bóyá orúkọ àwọn abúlé ni.

"Ìparí lo fi ẹ̀dà yẹn pamọ́ sí?" ni mo bi Senzeni.

"Ìparí pátápátá."

"Ìyẹn ni pé tó bá kú ní mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún—"

"Bhudi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́."

Mi ò sọ ọ́. Òógùn ń já bọ́ láti àgbọ̀n rẹ̀ sórí aṣọ rẹ̀, kò nù ún. Mo rò pé ó máa dìde lọ fa ilẹ̀kùn wò, kò dìde. Ní agogo méjì kù díẹ̀, nọ́ḿbà náà pé ọgọ́rùn-ún. Díìsìkì náà dún kẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ké fíì, ó dákẹ́. A tan kọ̀ǹpútà náà ní ìgbà mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, díìsìkì náà ò jí mọ́ láé. Gbogbo iṣẹ́ Khulu wá wà lórí káàdì tí kò ju èékánná lọ.

Senzeni yọ díìsìkì tó kú, ó fi káàdì náà nìkan sílẹ̀, ó tẹ ọ̀rọ̀ tó ń pe ẹ̀dà atọ́ka jáde. Ìbéèrè kan náà ló tún jáde: "Ṣé ó dá ọ lójú?" Ìka rẹ̀ dúró lókè bọ́tìnnì. Ó yíjú sí mi.

"Kọ́kọ́ wo orúkọ ẹ̀," ni mo ní.

Ó wo orúkọ káàdì náà. Ó tún un wò. Mo bá a wò ó. Ó wá tẹ̀ ẹ́.

Orúkọ jáde. Wọ́n ń rọ́ jáde lórí ojú dúdú yẹn, funfun, ní ìlà ìlà, mi ò tíì rí ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Khulu ní kí n kà á sókè fún òun. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà: NKAYI1, LUPANE1, LUPANE2, TSHOLO1, GWANDA1. Ní ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan, bàbá náà ń mi orí, ó ń sọ̀rọ̀. "Èyí ni ti ilé ìwé. Èyí, iyọ̀ wà nínú omi wọn. Èyí, wọ́n pa ewúrẹ́ fún mi, ẹran rẹ̀ le." Mo ka igba ó lé mẹ́rìnlá, ọ̀kankan ò dín. Ẹ̀rín ń pa mí. Mo ní ká máa lọ, bóyá isitshwala ṣẹ́ kù.

"Orúkọ nìkan nìyẹn," ni Senzeni wí. "Mi ò tíì wo inú wọn."

Mo jókòó padà.

NKAYI1 ló kọ́kọ́ ṣí. Nọ́ḿbà ló yẹ kó wà níbẹ̀, ìwọ̀n irin ní ìlà ìlà. Apá òkè rẹ̀ kún fún àmì tí kò ní orí tí kò ní ìdí. Senzeni pa á dé, ó tún un ṣí, bákan náà ni. Ó wá ṣàlàyé pé nígbà tóun ní kí DOS tuntun lọ jókòó, ibi tí ti àtijọ́ wà gẹ́lẹ́ ló jókòó sí, níbẹ̀rẹ̀ díìsìkì. Ó kàn fi díẹ̀ tóbi ju ti àtijọ́ lọ, díẹ̀ yẹn ló gun orí fáìlì tó tẹ̀ lé e. Ó ṣí igba ó lé mẹ́tàlá yòókù, lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Ẹyọ kan ló lọ, àkọ́kọ́ tí Khulu fi síbẹ̀.

"Abúlé ìyàwó mi ni," ni Khulu wí.

A mọ ìyàwó rẹ̀, MaNyathi. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tó kú. Khulu ní nígbà tóun lọ tọrọ rẹ̀, màlúù mẹ́jọ ni wọ́n béèrè, mẹ́ta péré lòun ní. Pọ́ǹpù abúlé náà ti bàjẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Òun tú u, òun gé ẹ̀yà inú rẹ̀ fúnra òun, omi sì dé. Bàbá MaNyathi mu ife kan, ó ní kí òun dá màlúù márùn-ún tó kù dúró. Omi yẹn ni wọ́n ṣì ń mu títí dòní, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni awọ àti irin inú rẹ̀ sì ń jẹ tán.

"Ọdún wo ni ó máa jẹ tán?" ni mo béèrè.

"Ọdún tó ń bọ̀."

Senzeni tún ti fẹ́ kúnlẹ̀. Mo dá a dúró.

"Khulu, èmi ni," ni mo ní. "Ó fẹ́ wo orúkọ díìsìkì, mo ní kó má wò ó. Ebi ló ń pa mí. Mo ti mọ̀ láti ìgbà yẹn, mi ò lè la ẹnu."

"Mo gbọ́ ọ," ni Khulu wí. "Ojú mi ló fọ́. Mò ń dúró láti mọ̀ bóyá wàá sọ ọ́."

Senzeni kọ lẹ́tà sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń kọ DOS lọ́sẹ̀ yẹn. Ó sọ gbogbo ẹ̀, pé ẹni tó ń tọ́jú ètò ìfọdíìsìkì fúnra rẹ̀ ló fọ èyí tí kò yẹ. Ọjọ́ méjì ló fi ń tẹ̀ ẹ́, tó ń pa á rẹ́, kó tó fi ránṣẹ́. Ọ̀gbẹ́ni ará Brazil ló kọ́kọ́ dáhùn, ìlà kan ṣoṣo: "Dá ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà." Ó dá wọn padà, ó sì fi kún un pé kí ètò náà máa ka orúkọ gbogbo díìsìkì tó wà nínú ẹ̀rọ kó tó bi èèyàn ní ohunkóhun.

Lẹ́yìn náà a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Nkayi, àwa mẹ́ta, láti tún ẹ̀yà inú pọ́ǹpù náà wọ̀n. Àwọn obìnrin ti dúró yí kànga ká pẹ̀lú garawa nígbà tí a tú pọ́ǹpù. Khulu jókòó sílẹ̀, ó gbé ẹ̀yà irin kọ̀ọ̀kan lé itan, ó ń fi ìka wá etí rẹ̀, á ní, "Ibí. Wọ̀n ọ́n níbí." Senzeni á fi òṣùwọ̀n sí i, á pe nọ́ḿbà, èmi á kọ ọ́.

"Ẹ kà á padà fún mi, Bhudi."

Mo kà á.

"Ẹ tún un kà."

Mo tún un kà. Oòrùn ti mú, garawa ti ń lu garawa, obìnrin kan lẹ́yìn wa sì bi ẹnì kejì rẹ̀ bóyá adití ni ọkùnrin tó ń kọ̀wé yìí. Mo dúró kí Senzeni sọ pé kí n kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Kò sọ ọ́, ó ti gbé ọwọ́ lé irin mìíràn.

"MaTshuma," ni mo ní, "ó ku ẹ̀ẹ̀kan." Mo sì kà á.